Ẹ̀yìn Pátákó

Aáyán kan kú sínú tíì Màmá ní àárọ̀ Sátidé, aáyán ọ̀hún kò sì kéré. Ká ní ó dojú ikùn délẹ̀ ni, ì bá sàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló nà sókè, ó ń yí po lórí tíì, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì là sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Pátákó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìdáná pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó rí i. Kí ó tó lanu, Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ti gbé kọ́ọ̀bù náà sẹ́nu. Ó mu ún. Ó dánu dúró díẹ̀, ó gbé e mì, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

"Ìyàwó, tíì yìí dùn," ó ní. "Ṣúgà rẹ̀ ṣe rẹ́gí."

Ìyá Pátákó gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ti tutù, pé òun á po òmíràn, ó sì sá jáde lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tó da tíì náà nù, ó rí i pé ìyẹ́ kan ṣoṣo ló kù lára kòkòrò burúkú náà. Ibẹ̀ ló ti bì. Nígbà tó bì tán, ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ nígbà náà sì kó o nírìíra ju aáyán lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ojú òsì Màmá ti ka ìlà kẹjọ. Ìlà kẹjọ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí pátákó tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò nílé ìwòsàn, lẹ́tà rẹ̀ kò tó ìrẹsì. Ẹni tó bá ka ìlà kẹjọ láti òdìkejì yàrá, ó yẹ kó rí òwú nínú ihò abẹ́rẹ́. Ó yẹ kó rí aáyán tó tóbi tó àtàǹpàkò, tó ń lúwẹ̀ẹ́ níwájú imú rẹ̀.

Ìyá Pátákó ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn ojú, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, ó máa ń wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Nọ́ọ̀sì ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń yẹ ojú àwọn ènìyàn wò: jókòó síbí, fi ọwọ́ bo ojú kan, sọ ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà yìí kọ sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà lórí pátákó náà látòkè dé ilẹ̀, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta bí òòyà tí wọ́n fi ń ya irun, kí ẹni tí kò kàwé náà lè dáhùn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ sókè, wàá ní òkè. Bó bá kọ sílẹ̀, wàá ní ilẹ̀. Ọ̀tún, òsì. Kò sí ohun tó tún le níbẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀, dókítà Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan, Ìyá Pátákó ló mú pé kó máa bá òun yẹ ojú wò. Àwọn aláìsàn ló sọ dókítà náà ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí pé bó bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ lójú ènìyàn, onítọ̀hún kì í mọ̀ títí yóò fi gbọ́ "ó ti parí". Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, olóòórùn ọṣẹ. Ìwádìí rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ènìyàn bá ń dàgbà, awò kékeré tó wà nínú ẹyin ojú lè di funfun bí omi ìrẹsì, onítọ̀hún kò sì ní ríran dáadáa mọ́. Dókítà á yọ awò náà, á fi ti ike rọ́pò rẹ̀. Omi kan wà tí wọ́n máa ń fi fọ inú ojú nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Omi tuntun ti jáde báyìí, àwọn tó pò ó ní kò sẹ́gbẹ́ rẹ̀, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sì fẹ́ fi hàn pé òótọ́ ni. Ó kó ọgọ́ta ènìyàn jọ. Ojú kan lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú kejì. Láàárín méjèèjì, kí wọ́n máa wá ka pátákó.

Gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ojú ló mọ ibi tí ewu wà. Bí omi tí wọ́n fi fọ inú ojú kò bá dára, dígí iwájú ojú ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, awọ mímọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Á wú. Á di bàìbàì. Á yọ ìléròrò wẹ́wẹ́ tí yóò máa bẹ́, tí yóò máa ta onítọ̀hún bí ata, bó bá sì ti bàjẹ́ tán, kì í padà sí bó ṣe wà.

Nítorí náà ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe gbé òfin kan kalẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́: "Ẹni tí ojú àkọ́kọ́ rẹ̀ bá yege la máa ṣe ìkejì fún. Ẹni tí kò bá yege, kó lọ máa sinmi ná." Ó pè é ní ìṣọ́ra. Ẹ wá wo ìṣọ́ra! Ẹ lọ sọ fún àgbàlagbà tí ayé ń ṣókùnkùn mọ́ lórí pé bó bá sọ òótọ́, wọn ò ní tọ́jú ojú tó kù fún un, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá yóò sọ òótọ́.

Ìyá Pátákó ló mú Màmá wọ ìwádìí náà. Màmá kò fẹ́. Aránṣọ ni lákòókò rẹ̀, ó ní òun ti rán tòun láyé, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ojú bàìbàì òun máa wo ọmọ-ọmọ òun. Ìyá Pátákó ló bẹ̀ ẹ́, tó fi ọ̀gá rẹ̀ yangàn, tó ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju òwú lọ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì ọjọ́ ìsinmi, ó dé ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn mẹ́wàá tí wọ́n máa ṣe ojú kejì fún ní Ọjọ́bọ̀ ló máa wá ka pátákó lọ́jọ́ náà, Màmá wà lára wọn. Aládùúgbò kan ló máa ń mú un wá. Ìyá Pátákó jókòó sínú yàrá rẹ̀, kò tan iná, kò ṣí kọ́tìnì, ọ̀rọ̀ tíì ọjọ́ Sátidé ló ń rò. Bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn wà lábẹ́ fèrèsé yàrá náà gan-an, ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tó rò ó rí pé ohun tí ẹnì kan bá ń kà nínú yàrá, gbogbo bẹ́ǹṣì ló ń gbọ́ ọ.

Ó gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kí ara wọn, tí wọ́n ń bú òtútù. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà.

"Ó yá, ẹ jókòó dáadáa. Ìlà kẹjọ. Ẹ jọ wí i!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọ̀tún, òkè, òsì, òsì, ilẹ̀, ọ̀tún, òkè, ilẹ̀!"

"Ẹ tún un wí!"

Wọ́n tún un wí.

"Ó dáa. Àmọ́ Ìyá Aránṣọ, ẹ máa ń sáré jù. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń wò ó. Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ na ọrùn díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ìkeje, kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ ní, ‘Ṣé òkè nìyẹn?’ Ìyẹn ni wọ́n fi máa gbà pé ẹ ríran."

"Tíṣà, mo ti gbọ́. Ìwọ náà má gbàgbé láti bo ojú tó yẹ. Nígbà yẹn lọ́hùn-ún, imú lo bò."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Pátákó mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí. Ohùn tó ń jí i lójoojúmọ́ ni.

Ó jókòó sínú òkùnkùn yàrá náà, ara rẹ̀ ń rìn bí ẹni tí èèrà bò. Kì í ṣe àwọn arúgbó yẹn ló kọ́kọ́ rí i lára. Ara rẹ̀ ni. Nítorí pé pátákó náà ní ojú méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ní ìlà mẹ́jọ, ètò lẹ́tà rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ti iwájú. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n máa yí i padà nígbàkígbà tí aláìsàn bá wá, kí ẹnikẹ́ni má baà há a sórí. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn pátákó ọ̀hún já lulẹ̀ lu ìka ẹsẹ̀ aláìsàn kan, káfíńtà wá fi síkúrù mẹ́rin dè é mọ́ ògiri, àtìgbà náà ni kò ti sẹ́ni tó yí i. Ìyá Pátákó mọ̀. Kí á má gbè é lẹ́yìn, ó mọ̀ dáadáa. Síkúrù mẹ́rin ló ṣòro fún un láti tú.

Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé báńdéèjì, ó tú wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí pátákó kúrò lára ògiri, òórùn kan jáde. Ìgbẹ́ ọmọńlé ti gbẹ mọ́ ibẹ̀, òmíràn sì tutù. Ẹyin aláǹtakùn kún igun méjèèjì, òkú kòkòrò tí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ yé e lẹ̀ mọ́ àárín lẹ́tà. Ó fi omi àti ọṣẹ nù ún títí apá fi ń ro ó, ó gbé ẹ̀yìn pátákó síwájú, ó ti fèrèsé pa kí bẹ́ǹṣì má baà gbọ́, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Tíṣà ló kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó, ó bo ojú ọ̀tún, ó na ọrùn. Ó ka ìlà kẹjọ bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí níwájú alábẹ̀wò, gbogbo rẹ̀ pátá, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Kò sí èyí tó bára mu pẹ̀lú ohun tó wà lójú pátákó bí kò ṣe ẹyọ kan, ìyẹn náà sì ṣèèṣì ni.

Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́wàá dúró, wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ló ṣe pátákó yìí, ó ti yàtọ̀." Àwọn yẹn ríran. Àwọn méje tó kù kọ orin àná.

Màmá ló kẹ́yìn. Ìyá Pátákó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí dé orí àga, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.

"Ìlà kẹjọ, Màmá."

"Ọ̀tún. Òkè. Òsì, òsì. Ilẹ̀. Ọ̀tún." Màmá dákẹ́. Ó na ọrùn, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé òkè nìyẹn?"

Lójú pátákó, òsì ni. Ìyá Pátákó wo arúgbó tó na ọrùn síwájú yìí, tó ń wo ògiri funfun ní ẹ̀gbẹ́ pátákó.

"Òkè ni, Màmá," ó ní. "Ẹ ṣé."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú òsì náà. Dígí iwájú rẹ̀ ti wú, ó ti rí bí ọ̀rá tí oòrùn ti pa, ìléròrò mẹ́ta tó rí bí orí abẹ́rẹ́ sì jókòó láàárín rẹ̀. Ọ̀kan ti bẹ́. Omi rẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìpéǹpéjú. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń rí i tí Màmá ń fi etí aṣọ nu ojú yẹn. Màmá a máa ní oorun ni, òun náà a sì máa gbà.

Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú àwọn mẹ́fà tó kù, bákan náà ló rí. Ó kọ ohun tí wọ́n kà sínú fọ́ọ̀mù wọn, ó kó méjèèje dání, ó lọ bá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì.

Ọkùnrin náà ń gé èékánná. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó ń gé e sórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ rírọ̀ tí gbogbo ayé ń yìn. Ìwé tó tẹ́ síbẹ̀, fọ́ọ̀mù ìwádìí ni.

"Ìyá Pátákó, wọ́n ní o tú pátákó mi."

"Ọ̀gá, mo yí i padà ni. Àwọn méje ti há a sórí, wọn ò ríran. Dígí ojú wọn ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi iná wò wọ́n, wọ́n ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì."

"Mo ti wò wọ́n." Ó gé èékánná mìíràn. "Mo ti rí i láti bí oṣù mẹ́rin."

Ìyá Pátákó rò pé etí òun ló ń ké. "Oṣù mẹ́rin?"

"Wíwú díẹ̀ ni. Ó lè lọ, ó lè má lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí kò béèrè ohun tí mo rí. Ohun tí wọ́n kà ni ìwé béèrè. Wọ́n sì kà á, àbí wọn ò kà á?"

"Ọ̀gá, àkọ́sórí ni!"

"Ìyẹn kọ́ ni ìwé béèrè." Ó gbé ojú sókè, kò bínú rárá. "Ojú pátákó tí a fi bẹ̀rẹ̀ la ó fi parí. Èyí tó o ṣe lónìí, kò sí nínú ètò, mi ò lè gbà á. Méjìdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́ta ló ka ìlà kẹjọ, o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Tá a bá ṣe ojú kejì tán, omi yẹn á dé gbogbo ilé ìwòsàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló máa jàǹfààní rẹ̀."

"Ìyá ọkọ mi wà nínú wọn, sà."

"Mo mọ̀. Ojú rẹ̀ yege." Ó yọ fọ́ọ̀mù kan jáde láti abẹ́ àwọn tó kù, ó fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Ta ló fọwọ́ sí i? Wò ó dáadáa. Gbogbo rẹ̀ pátá, ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ wọn? Tí ariwo bá dé, Ìyá Pátákó, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò yí pátákó fún oṣù mọ́kànlá ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí."

Èékánná kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun lórí nọ́ńbà Màmá. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rí i pé obìnrin náà ń wò ó. Ó fẹnu fẹ́ ẹ nù. Ó bọ́ sí ọwọ́ Ìyá Pátákó, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn nítorí òógùn.

"Lọ dá a padà sí bó ṣe wà," ni ọkùnrin náà wí.

Ó dá a padà. Ohun tó kóni nírìíra jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: síkúrù mẹ́rin, ó dè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó ń fi ọṣẹ ha ibi tí èékánná ọkùnrin yẹn lẹ̀ mọ́. Àwọn fọ́ọ̀mù méje ti Mọ́ńdè nìkan ni kò dá padà. Ó ká wọn, ó kì wọ́n bọ àpò, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Nílé nírọ̀lẹ́, ó gbìyànjú. Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń fi àtàǹpàkò wá etí aṣọ kan kiri bíi pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó rán an gbọ́ṣẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ní Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Èmi tí wọ́n máa gé lójú ò bẹ̀rù."

"Ojú àkọ́kọ́ yẹn ò dáa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo yege. Ìwọ fúnra ẹ lo kọ ọ́ sílẹ̀." Màmá gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Àbí irọ́ lo kọ?"

Ìyá Pátákó mú aṣọ náà nílẹ̀, ó ń ká a.

"Ìyàwó, gbọ́," Màmá sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ọ̀tún yìí fi ń lọ. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Ó ti sú mi kí wọ́n máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́, kí ọmọdé máa dúró lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé ṣé mo ti tán. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún mi."

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ kò lọ lọ́fun Ìyá Pátákó. Gbogbo ohun tó bá gbé sẹ́nu ló ń rùn bí ẹ̀yìn pátákó.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ gùn, ó tutù, ó ń rùn fún òògùn ìfọlẹ̀. Àwọn mẹ́wàá jókòó nílà kan nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tó là lẹ́yìn, fìlà bébà bò wọ́n lórí, wọ́n ń di ẹ̀yìn aṣọ mú kí ìdí wọn má baà hàn. Iṣẹ́ Ìyá Pátákó láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni pé kí ó fi máákà fa ọfà sí iwájú orí wọn, lókè ojú tí wọ́n máa ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ojú ṣe. Ó fa ti Tíṣà. Tíṣà ní kó fà á dáadáa, pé òun máa ń fún ọmọ tó bá mọ àwòrán yà ní ọgọ́rùn-ún. Ó fa ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó fa ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó fa mẹ́sàn-án.

Ó kan Màmá. Màmá gbé ojú sókè fún un bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ nu imú fún. Ojú òsì yẹn ń sun. Omi pípọ́n náà ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, Màmá sì fi ahọ́n lá a kúrò létí ètè, láìmọ̀.

Máákà wà lọ́wọ́ Ìyá Pátákó, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan awọ iwájú orí náà. Gbogbo ara rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ó kórìíra òórùn ọṣẹ tó ń ti ẹnu ilẹ̀kùn wá, ó kórìíra máákà, ó kórìíra ọwọ́ ara rẹ̀ tó mọ ìwé kọ dáadáa. Ó dé máákà náà, ó padà sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fọwọ́ bo ojú tí mo fàmì sí. Màmá, ẹ̀yin náà ẹ bo ti ọ̀tún. Ojú tí wọ́n ti ṣe ni kẹ́ ẹ fi wò mí." Ó na apá ọ̀tún sókè. "Ìka mélòó ni mo nà?"

Wọn kò kọ́ èyí lórí bẹ́ǹṣì.

"Mẹ́ta," Tíṣà sọ níkẹyìn.

"Méjì ni," obìnrin kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mẹ́ta náà ni mo rí."

"Mẹ́rin."

Àwọn mẹ́ta tó ríran wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó máa ń tún táyà ṣe, sọ wẹ́lẹ́: "Ẹ̀ṣẹ́ ló dì. Kò na ìka kankan."

"Ẹ̀ṣẹ́ ni mo dì," ni Ìyá Pátákó wí. "Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yin méje, ojú tí wọ́n ṣe yẹn ti bàjẹ́, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ló bà á jẹ́. Omi yẹn kan náà ló wà nínú yàrá yìí, òun ni wọ́n fẹ́ fi fọ èyí tó kù. Dókítà mọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti mọ̀. Èmi ni mi ò yí pátákó, èmi ni mo sì ń kọ ọ́ pé ẹ yege. Ẹ bínú sí mi tó bá yá. Lónìí, ẹ dìde."

Wọn kò dìde. Tíṣà ń nu iwájú orí rẹ̀ pẹ̀lú itọ́ àti etí aṣọ, ọfà náà kò parẹ́. "A ṣe é kí wọ́n má baà fi wá sílẹ̀ ni," ó ní. Ó tún un wí, bíi pé ẹnì kan bi í.

Ìgbà náà ni Màmá sọ̀rọ̀. "Mi ò rí i," ó ní. Ó sọ ọ́ ketekete, bí ẹni tó ń dáhùn nílé ẹjọ́. "Mi ò rí ìka, mi ò rí ẹ̀ṣẹ́. Láti bí oṣù mẹ́ta ni mi ò ti fi ojú òsì yìí rí nǹkan kan. Ìyàwó, fà mí dìde."

Obìnrin tó pè é ní méjì bú sẹ́kún, ó ní òun náà ò rí i. Ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ ni tòun. Bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí wọ́n ń di ẹ̀yìn aṣọ mú. Àwọn mẹ́ta tó ríran jókòó díẹ̀ sí i, wọ́n wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa wò ó dáadáa, àwọn náà sì dìde.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jáde sí wọn. Ó ti fọ ọwọ́, ó nà án sókè kí ó má baà kan nǹkan kan, omi ọṣẹ ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ dìde?"

"Èmi ni," Ìyá Pátákó dáhùn. "Fọ́ọ̀mù Mọ́ńdè wà nínú àpò mi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí yín ni mo ń gbé e lọ. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ wọn, ẹ ò ní láti rán mi létí."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ọwọ́ rẹ̀ mímọ́ ṣì wà lókè. "O ti ba iṣẹ́ ọdún mẹ́rin jẹ́," ó ní. Ó sì yà á lẹ́nu gan-an, a rí i lójú rẹ̀. Kò lè gbà pé ènìyàn lè ṣe irú ìwà ìkà bẹ́ẹ̀ sí òun.

Ìyá Pátákó àti Màmá jáde sí títì. Màmá ṣì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ró ìró mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀, ó di apá ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú. Oòrùn ti mú. Wọ́n rìn jìnnà díẹ̀.

"Màmá, èmi lẹ̀ ń ka pátákó yẹn fún. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi parọ́ fún mi?"

"Ìwọ lo mú mi wọ ibẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìyá ọkọ ẹ ni mí. Tí mo bá kùnà, wọ́n á ní o fi ojú ìyá ọkọ ẹ tọrọ ojúure lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ." Màmá fi ẹsẹ̀ wá etí gọ́tà, ó rí i, ó kọjá. "Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá ti dé ìparí ìlà kẹjọ, ohùn ẹ máa ń dùn. ‘Ẹ ṣé, Màmá.’ Mi ò rí ojú ẹ mọ́, ohùn ni mo ń gbọ́."

Wọ́n tún rìn díẹ̀.

"Tíì ọjọ́ Sátidé yẹn náà," Màmá wí, "mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn mí létè. Mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tìẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ pé o ń wò mí. Tí mo bá tu ú jáde, wàá mọ̀ pé mi ò ríran."

"Ẹ sì gbé e mì?"

"Ìyẹ́ ẹ̀ kan ni. Ó há mi lọ́fun títí di ọ̀sán."

Ìyá Pátákó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tẹ̀ síwájú, ó bì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí yóò jáde. Màmá na ọwọ́ sínú òfìfo, ó wá a kiri títí ó fi kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń rọra gbá a.